Etí Keneuoe Ni Mo Fi Kọ́ Yín Lórin

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó sórí koríko níwájú mi, mo kí yín o. Bí ohùn mi bá ga jù, kí Limpho, ọ̀gá ilé-ìwé yín, fi ọwọ́ sọ fún mi, torí èmi fúnra mi ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ẹ mọ̀ pé adití ni mí. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni ìgbà tí mo ti di adití, àti ohun tí mo ṣe kí ẹ má baà mọ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti gbé e mì. Nígbà tí mo lọ sí ọsibítù nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, dókítà na ìka mẹ́ta sí mi, inú mi dùn, mo rò pé ọdún mẹ́ta ló ń wí. Nọ́ọ̀sì ló mú ìwé, tó kọ ọ́ fún mi pé oṣù mẹ́ta ni. Oṣù kan ti lọ nínú rẹ̀. Nítorí náà, òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, láti ẹnu èmi Tlali Ramohapi tí mo hu ìwà náà, kí ẹ má baà dúró létí ibojì mi kí ẹ máa sunkún nítorí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí.

Olùkọ́ orin ni ẹ mọ̀ mí sí. Púpọ̀ nínú yín tí ẹ ti di ìyá àti bàbá lónìí, ọwọ́ mi ni ẹ ti kọ́ bí a ṣe ń pín ohùn. Yàrá méjì ni ilé-ìwé Ha Ntšoana yìí nígbà tí mo dé, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, páànù ni wọ́n fi bò ó, olùkọ́ méjì péré ló sì wà níbẹ̀. Èmi ni ọ̀gá, èmi náà ni mò ń kọ́ kíláàsì karùn-ún, kẹfà àti keje. Mo ya do re mi sórí pátákó gígùn kan, mo gbé e kọ́ ara ògiri, láti ilẹ̀ títí dé òkè, bí àkàbà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò ní jẹ́ kí ọmọ kankan kọrin. Màá ní kí wọ́n di ojú, kí wọ́n sọ fún mi ohun tí wọ́n gbọ́. Ọ̀kan á ní afẹ́fẹ́, òmíràn á ní àgùntàn, òmíràn á ní ikùn Tumelo ń kùn. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni màá tó fún wọn ní do, tí wọ́n á sì rọra wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń wọ odò tó tutù. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ pé orin dẹ́rù bà mí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ náà, ẹ̀rù tí kò lé èèyàn sá, tó ń mú un dúró jẹ́ẹ́. Ọmọ ọdún méje tó ti ń da ẹran láti àárọ̀, tí ikun ń dà nímú rẹ̀, yóò dúró ti ẹnìkejì rẹ̀. Èkíní á mú mi inú do re mi, èkejì á mú so, ohun kan á sì dìde láàárín àwọn méjèèjì tí kì í ṣe ti èkíní, tí kì í ṣe ti èkejì. Mo ti rí i ní ẹgbẹ̀rún ìgbà. Kò di ohun lásán lójú mi rí.

Nígbà tí mo di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, ikọ́ ẹ̀gbẹ mú mi. Ẹ rántí. Wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù fún oṣù méjì, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́, ikọ́ náà sì lọ. Mo padà dé, ẹ pa àgùntàn fún mi, ẹ jó. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé àwọn darandaran kò súfèé mọ́. Mo rò pé àṣà tuntun ni wọ́n dá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìrẹ̀ dákẹ́, mo ní òtútù ọdún yìí ti pa wọ́n. Ní ọjọ́ kan mo mú irin olórí méjì tí mo fi ń mú ohùn fún ẹgbẹ́ akọrin, mo gbá a mọ́ orúnkún, mo gbé e sí etí. Kò sí nǹkan kan. Mo tún gbá a. Mo wá ti ẹnu rẹ̀ bọ inú abọ́ omi tó wà lórí tábìlì, omi náà sì ń gbọ̀n yẹ́yẹ́, ó ń yí òrùka ká òrùka. Irin náà ń kọrin. Èmi ni mi ò gbọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ tó wo ẹ̀dọ̀fóró mi sàn ló ń pa etí mi, láti òkè wá sílẹ̀. Bí èèyàn bá kọjú sí mi tó sì sọ̀rọ̀, mo ṣì ń gbọ́ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo fi ń kún ìyókù. Ṣùgbọ́n àwọn ohùn tín-ín-rín tí àwọn ọmọ fi ń kọ tírẹ́bù ti lọ pátápátá. Ó yẹ kí n sọ fún yín lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí pé wọn á gba ẹgbẹ́ akọrin lọ́wọ́ mi. Mo da omi inú abọ́ nù, mo lọ sí kíláàsì, mo gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń gbọ́.

Ẹni tó mú mi ni Keneuoe Sello. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n, ọmọ-ọmọ 'Matšeliso tó ń gbé lẹ́bàá ọgbà ẹran. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó bí i, bàbá rẹ̀ wọ ibi ìwakùsà lọ, kò padà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n nínú òtútù. Ọmọ yìí, mi ò mọ bí n ó ṣe ṣàpèjúwe etí rẹ̀ fún yín. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, á ní fa ló ń kọ, tó bá ṣe díẹ̀ sí i á ní ó ti gòkè sí so, tí mo bá sì fi irin mi wò ó nígbà tí mo ṣì ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Agogo ọrùn màlúù mẹ́rìnlá ló wà ní abúlé yìí, yóò jókòó sínú kíláàsì kó máa sọ màlúù ta ni ń kọjá. Nígbà kan ó sọ fún bàbá Limpho pé ẹṣin rẹ̀ máa yarọ. Bàbá náà ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹṣin ló sọ fún ọ ni?" Ó ní, "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan kì í bọ́ sílẹ̀ lásìkò tó yẹ, Ntate." Ọjọ́ kẹta, ẹṣin náà ò lè dìde. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí èèyàn bá ronú burúkú, Keneuoe á gbọ́ ọ.

Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí ìdíje orin àwọn ilé-ìwé wáyé, ó dúró dè mí lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ó ní, "Ntate Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú." Mo ní, "Kí ló dé?" Ó ní, "Lánàá, Tumelo kọ fa níbi tó yẹ kó kọ mi ti do re mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ rẹ́rìn-ín sí i." Mo ní mo fẹ́ kó tún un ṣe fúnra rẹ̀ ni. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ní èṣí, etí rẹ̀ lẹ máa ń fà." Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí fèrèsé, ó dúró díẹ̀, ó tún kọjú sí mi. "Ẹ ò dáhùn, Ntate. Mo ní ẹṣin yín ti já okùn." Mo sáré síta. Òtítọ́ ni, ẹṣin mi ti wà láàárín àgbàdo 'Matšeliso. Nígbà tí mo mú un so tán, ọmọ náà ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi í pé, "Ta lo ti sọ fún?" Ó ní kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ṣé wàá sọ?" Ó ní, "Rárá o. Àmọ́ Tumelo ń ba orin jẹ́." Ohun tó ń dùn ún kò ju ìyẹn lọ. Mo ń wo ọmọ náà, ó dà bí ẹni pé wọ́n rán an sí mi.

Bí a ṣe dá a sílẹ̀ nìyẹn. Mo gbé e síwájú ìlà, mo ní kí ọwọ́ rẹ̀ máa wà ní ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí tírẹ́bù bá ń lọ sílẹ̀, á tẹ àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wálẹ̀. Bí wọ́n bá ń gòkè jù, á gbé e sókè. Ọwọ́ òsì ni ti áàtò, ohùn tó tẹ̀lé tírẹ́bù. Ti àwọn ohùn ìsàlẹ̀, orí bàtà ló fi ń sọ ọ́. Bí ó bá ṣe báyìí, èmi á dá wọn dúró, màá tọ́ka sí ìlà náà, màá ní, "Ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ padà sókè." Àwọn ọmọ á máa wo ara wọn pé etí wo ni Ntate ní yìí. Ìròyìn tàn dé àwọn ilé-ìwé mìíràn pé kò sí olùkọ́ tí etí rẹ̀ mú bíi tèmi ní gbogbo òkè yìí. Èmi sì ń gba ìyìn náà. Mò ń fi ẹnu ara mi sọ pé àdúrà ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, a gba ife ẹ̀yẹ. Ẹ gbé mi lé èjìká láti ojú títì títí dé àárín abúlé. Keneuoe ń rìn bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù, ó ń jẹ ìrèké.

Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ìdíje náà ni Sísítà Alfonsina, obìnrin arúgbó kan tó ń ṣe olórí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ní ìsàlẹ̀. Ó wá bá wa níbi tí a ti ń jẹ papa, òkèlè àgbàdo, àti ẹ̀fọ́. Ó ti ṣàkíyèsí Keneuoe, ó fi ṣíbí gbá ife kan, ó ní, "Kí ni èyí, ọmọ mi?" Keneuoe dá a lóhùn. Ó gbá òmíràn, ó dá a lóhùn. Ó gbá méjèèjì pọ̀, Keneuoe ní, "Wọn ò bára mu, Sísítà. Èyí tó ní omi ń dun èyí tí kò ní." Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé àyà. Ó wá sọ fún mi pé kí ọmọ náà ṣáà yege nínú ìdánwò kíláàsì keje, ọ̀dọ̀ àwọn ni yóò wá, wọn á kọ́ ọ ní dùùrù, wọn ò sì ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀ títí yóò fi jáde. Mo ní mo dúpẹ́. Láti orí ìjókòó yẹn ni ìbẹ̀rù ti wọ inú mi. Mo ń ronú pé bí ó bá lọ, etí wo ni n ó máa lò?

Ní oṣù kìíní, mo gun ẹṣin lọ gba lẹ́tà ní ilé ìtajà tó wà lójú títì. Méjì ni wọ́n kó fún mi. Àkọ́kọ́ ni èsì ìdánwò. Ọmọ mẹ́jọ ló jókòó. Orúkọ Keneuoe ló wà lókè pátápátá, ipò kìíní, òun nìkan ló sì gba ipò kìíní ní gbogbo àwọn ilé-ìwé tó wà ní àfonífojì wa. Èkejì, láti ọ̀dọ̀ Sísítà Alfonsina ni, pé àyè ti wà fún un, pé kí ó wá ní ọjọ́ kẹtàlá. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin, mo jókòó sórí òkúta. Mi ò lè sọ pé Èṣù ló gbé mi ṣe é. Mo jókòó pẹ́ tó láti rò ó tán. Nígbà tí mo dé, gbogbo yín ti dúró síwájú ilẹ̀kùn yìí, ẹ ń retí. Mo na ìwé náà síwájú mi, mo fi àtàǹpàkò bo ìlà òkè, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí kejì. Mo ka orúkọ márùn-ún tó yege. Mo ká ìwé náà. Keneuoe ń wo ẹnu mi títí. Mo ní, "Keneuoe, ó ku díẹ̀. Wàá tún kíláàsì keje kà." Ẹnì kan ní ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ọ, eyín rẹ̀ ni mo rí.

'Matšeliso wá bá mi ní ọjọ́ kejì, ó fi kúbùsù rẹ̀ bo orí, ó jókòó sórí àga ọmọdé. Ó ní, "Ntate, ṣé ẹ wò ó dáadáa?" Mo ní mo wò ó. Ó ní, "Ọmọ yìí ń ka Bíbélì fún mi láìkọsẹ̀, àní àwọn orúkọ àwọn ọba náà." Mo ní ìdánwò yàtọ̀ sí Bíbélì, 'M'e, ìyá mi. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ń tu ara rẹ̀ nínú, ó ní, "Àbí etí ti gba gbogbo àyè inú orí rẹ̀." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo fẹ́ tún ọmọ náà kọ́ láìgba nǹkan kan. Ẹ gbọ́ mi o. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo kọ̀wé sí Sísítà náà pé àwọn ará ilé ọmọ náà kò jẹ́ kí ó wá, pé ilé ní iṣẹ́ fún un.

Ó lo ọdún náà láàárín àwọn ọmọ tí òun fi orí kan ga jù. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Kíláàsì. Bí wọ́n bá ń ṣe ìṣirò, wọ́n á ní, "Ẹ bi Ìyá Kíláàsì léèrè, ó ti kà á rí." Ọmọ tó máa ń dáhùn kí n tó béèrè ìbéèrè tán, bó ṣe ń gbé ọwọ́ sókè ló ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó bi mí pé, "Ntate, ibo gan-an ni mo ti kùnà?" Mo ní ìṣirò ni. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń bá a lábẹ́ igi pópúlà lásìkò ìsinmi, ó ń ṣe ìṣirò tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń ṣe é, ó ń wá àṣìṣe tí kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ bí a bá wọ orin, àtàǹpàkò rẹ̀ kì í purọ́ fún mi. Ó tún ń kó àwọn kékeré jọ sẹ́yìn ilé-ìwé, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gbọ́ ara wọn. Mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe.

A tún lọ sí ìdíje ní oṣù kẹsàn-án. Lẹ́tà Sísítà wà nínú àpò kóòtù mi, torí ẹ̀rù ń bà mí láti fi í sílé. Gbọ̀ngàn náà kún, Sísítà kò sì sí láàárín àwọn adájọ́ lọ́dún yẹn. Mo gbé ọwọ́ sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo wo ọwọ́ Keneuoe. Kò mira. Mo wo orí bàtà rẹ̀. Kò mira. Ìlà kejì, ìlà kẹta, ọwọ́ rẹ̀ kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ṣí sílẹ̀, ó dákẹ́. Mo ní ó ti mọ̀. Ẹnì kan ti sọ fún un, ó sì mú mi wá síwájú gbogbo ayé láti fi mí sílẹ̀. Mo ń ju ọwọ́ kiri nínú ìdákẹ́rọ́rọ́, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ìgbà náà ni mo wò wọ́n dáadáa. Kò sí ọmọ kan tó ń wo ọwọ́ mi. Wọ́n ń gbọ́ ara wọn. Ọ̀fun wọn ń dìde pọ̀, èjìká wọn ń mí pọ̀, ọmọ ogójì bí ẹyọ ara kan. Pákó gbọ̀ngàn náà ń gbọ̀n gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọlé, ó gun egungun mi, ó dé àyà. Obìnrin kan níwájú ti fi etí kúbùsù dí ẹnu rẹ̀. Adájọ́ ti gbé kálámù sílẹ̀. Mi ò gbọ́ orin náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣùgbọ́n mo rí i. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀ kí orin náà tó tán, wọn ò tilẹ̀ mọ̀. Mo ti dúró níwájú ohun tó tóbi jù mí lọ, ọmọ tí mo purọ́ mọ́ ló sì kọ́ ọ.

Nígbà tí a jáde, mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní, "Kí ló dé tó ò fi fún mi ní àmì?" Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yà lẹ́nu. Ó ní, "Kò sí nǹkan tó ṣẹ̀, Ntate. Mo wá a títí. Kò sí. Ẹ̀rù bà mí." Mo ní, "Ẹ̀rù kí ni?" Ó ní, "Pé ó lè tọ́ tó bẹ́ẹ̀." Lẹ́tà náà wà láyà mi, kò jìnnà sí i ju ọwọ́ kan lọ. Mo fi ọwọ́ kàn án. Mo ní kí ó lọ bá àwọn yòókù jẹun.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló burú jù. Kí oṣù náà tó tán, ẹsẹ̀ 'Matšeliso kò gbé e mọ́, ó sì ní kò sí ìdí tí ọmọ tí kò ní orí ìwé á fi máa jókòó sórí bẹ́ńṣì nígbà tí ebi wà nílé. Àǹtí kan rí iṣẹ́ fún un nísàlẹ̀, ní ilé tí wọ́n ti ń wá ọmọ-ọ̀dọ̀. Mo sìn ín dé ibi ọkọ̀ ní àárọ̀. Ó gbé àpò rẹ̀ lé orí, ó bi mí pé, "Ntate, ta ni yóò máa gbọ́ fún yín?" Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Limpho ṣe é. Etí rẹ̀ kò burú, àmọ́ ó máa ń kánjú." Ọkọ̀ ti ń mì. Ó fi ẹsẹ̀ kan sórí àtẹ̀gùn, ó tún yíjú sí mi kí n lè rí ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ṣé tí mo bá tún gbìyànjú nígbà mìíràn, ẹ rò pé mo lè yege?" Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó ń retí lẹ́nu mi, òtítọ́ sì ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á padà lọ béèrè, àṣírí mi á sì tú. Mo ní, "Má da ara rẹ láàmú, Keneuoe. Ìwé kì í ṣe ti gbogbo èèyàn." Ó mi orí, ó wọlé. Ohun tó burú jù tí mo ṣe láyé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, kò gùn ju èémí kan lọ.

Ẹ mọ ìyókù. Mo ní àyà mi kò gbà mí láàyè láti darí orin mọ́. Ẹ da kúbùsù tuntun bò mí, ẹ gbé àwòrán mi kọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife ẹ̀yẹ. Sísítà Alfonsina kú. 'Matšeliso kú. Ní ọdún yìí ni Limpho wá sí ilé mi, ó kọ ọ́ sórí ìwé pé kí n jọ̀wọ́ kọ àṣírí bí mo ṣe máa ń la etí àwọn ọmọ sílẹ̀, kí àwọn olùkọ́ tuntun lè rí nǹkan kà. Mo jókòó ti ìwé òfìfo náà fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ṣí àpótí, mo mú lẹ́tà àti èsì náà jáde, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀.

Mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ibí tó ń gbé níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ṣòkòtò ni mo sì ti bá a. Ní ọ̀sán, àwọn obìnrin jáde, wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn ògiri, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì díndín. Mo mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín nípa nǹkan kan, ó sì yí orí padà kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Ó dìde. Mo rí i lẹ́nu rẹ̀, "Ntate Tíṣà." Ó nu àga fún mi. Mi ò jókòó. Mo kó ìwé méjèèjì lé e lọ́wọ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tí mo fi pamọ́. Ó ka èsì náà. Ó ka lẹ́tà. Ó tún ka èsì náà. Ó ká wọn, ó fi wọ́n sí orí itan rẹ̀. Agogo dún, mo rò bẹ́ẹ̀, torí gbogbo wọn dìde. Òun kò dìde. Ọ̀gá kan wá sọ nǹkan, kò wò ó. Nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ń yára jù fún mi, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó fa ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ yọ lápò, ó kọ ọ́ sára ògiri, ó ń lọ láti òsì sí ọ̀tún.

Ó kọ ọ́ pé, "Ọmọ mi àkọ́bí kùnà nínú ìdánwò. Mo sọ fún un pé ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún orí tí kò gba ìwé." Ó dúró. Ó kọ ọ́ pé, "Ó ń wakùsà báyìí." Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó mú mi lápá, kò jẹ́ kí n ṣe é. Mo ní kí ó dárí jì mí. Ó mi orí pé rárá, kò fi ìbínú ṣe é, bí ẹni tó ní ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ó kọ ìlà tó kẹ́yìn, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà kí n lè rí i dáadáa: "Níbi tí ẹ ti kà á pé mo kùnà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kà á pé mo yege." Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Mo dúró síwájú ògiri náà títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

Ilẹ̀kùn náà rèé lẹ́yìn mi, òun kan náà ni, wọ́n kàn tún un kùn ni. Limpho, mú ìwé náà wá. Ẹ̀yin tí ẹ bá a kàwé, ẹ dìde. Ìwọ tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ ọ́, jókòó, èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe ìwọ. Mo ń kà á láti òkè pátápátá. Ìdánwò kíláàsì keje, ilé-ìwé Ha Ntšoana. Keneuoe Sello. Ipò kìíní. Ó yege. Ẹ jẹ́ kí n tún un kà, nítorí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Keneuoe Sello, ipò kìíní, ó yege.

Ẹ̀yin olùkọ́ kékeré tí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọmọ kan ń bọ̀ wá bá yín tó mọ ohun tí ẹ fi ń jẹun jù yín lọ. Ẹ̀rù á bà yín, ẹ̀rù náà á sì dà bí ìfẹ́. Ẹ máa wò ó dáadáa. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún un, kó lọ, bí yàrá yín tilẹ̀ máa dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ fi àwòrán mi sílẹ̀ lára ògiri, ẹ gbé e kúrò. Ìdáríjì yín kọ́ ni mo ń tọrọ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń lọ sí ìsàlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, lọ́jà, lọ́sibítù, níbi òkú, kí ó dé ẹ̀yìn ògiri ilé iṣẹ́ náà ní ọ̀sán, kí ó bá a níbi tó ti ń jẹun, kí ó sì sọ fún un pé òun ti gbọ́ pé ó yege.